Ìsinmi tí kò ní gbèdéke lẹ́nu iṣẹ́: ṣé oore ni, àbí ẹ̀tàn?

Bí òṣìṣẹ́ kan nílùú Ìbàdàn bá gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ sinmi iye ọjọ́ tó bá wù yín lọ́dún, owó oṣù yín kò ní dín," àfàìmọ̀ ni kò ní sọ pé àlá ni wọ́n ń rọ́ fún òun. Bẹ́ẹ̀, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ètò náà ti wà lókè òkun fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ní báyìí tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń jókòó sílé ní Bódìjà àti Agbowó, tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá a pàdé nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, kí a mọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí.

Ilé-iṣẹ́ Netflix ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ètò náà jáde, ní nǹkan bí ọdún 2003. Lọ́dún 2014, Richard Branson tó ni Virgin fún àwọn òṣìṣẹ́ olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. LinkedIn tẹ̀lé e lọ́dún 2015, nígbà tó sì di ọdún 2023, Microsoft náà ṣe é fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà. Ìlànà rẹ̀ kò le: wọn kì í ka iye ọjọ́ fún òṣìṣẹ́ mọ́. Bó bá ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, tí ọ̀gá rẹ̀ sì fọwọ́ sí i, ó lè máa lọ.

Àǹfààní wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àkọ́kọ́ ni pé ó ń fi hàn pé ọ̀gá fọkàn tán òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe parí ni wọ́n ń wò, wọn kò wo iye ọjọ́ tó fi jókòó sórí àga. Ìkejì ni pé ìṣòro kì í bèèrè bóyá ọjọ́ ìsinmi ènìyàn ti tán kó tó dé. Ẹni tó ti lo gbogbo ọjọ́ rẹ̀ tán ní oṣù kẹfà, tí ìsìnkú òbí rẹ̀ wá bọ́ sí oṣù kọkànlá, yóò mọ ohun tí à ń sọ. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn kò ní máa parọ́ fún ọ̀gá kó tó lè gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀yìn. Níbi tí kò bá ti sí iye kan pàtó, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó ti pọ̀ jù. Òṣìṣẹ́ yóò máa wo ojú ọ̀gá, yóò sì máa wo ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀gá kò bá lọ sinmi, ẹ̀rù yóò ba ọmọ iṣẹ́ láti lọ, kí wọ́n má baà kà á sí ọ̀lẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọn yóò dá dúró. Ohun tó mú kí ilé-iṣẹ́ Kickstarter fi ètò náà sílẹ̀ lọ́dún 2015 nìyẹn: àwọn òṣìṣẹ́ kò mọ iye tó tọ́ kí wọ́n gbà, ni wọ́n bá padà sí ọjọ́ 25 lọ́dún. Nígbà tí bánkì Goldman Sachs fún àwọn ọ̀gá àgbà rẹ̀ ní ìsinmi aláìnígbèdéke lọ́dún 2022, ó là á mọ́lẹ̀ pé, láti ọdún 2023, òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gba ìsinmi tó dín sí ọjọ́ 15 lọ́dún. Ó di dandan kí wọ́n lọ.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ California, ọjọ́ ìsinmi tí òṣìṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ fún, tí kò sì tíì lò, owó rẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ san án fún un nígbà tó bá ń lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò kà, báwo ni a ó ṣe san án? Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Tribune Publishing gbé irú ètò yìí jáde lọ́dún 2014, àwọn òṣìṣẹ́ fárígá pé ọjọ́ tí àwọn ti kó jọ fẹ́ wọmi, kò sì pẹ́ rárá tí ilé-iṣẹ́ náà fi yí ìpinnu rẹ̀ padà.

Nílé ńbí ńkọ́? Abala 18 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù 12 láìdáwọ́ dúró ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ ní pípé. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 16, títí kan ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ọjọ́ 12 ni tirẹ̀. Òfin náà kò gbà kí agbanisíṣẹ́ kó owó lé òṣìṣẹ́ tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ dípò ìsinmi. Ọjọ́ 6 yìí kéré jọjọ, nítorí ọ̀sẹ̀ 3 ni àdéhùn tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, ṣe lọ́dún 1970 ní kó kéré jù. Àwọn òṣìṣẹ́ alágbàṣe àti akọ̀wé ni òfin wa yìí sì wà fún. Àwọn ọ̀gá àti àwọn onímọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó bá wà nínú ìwé àdéhùn wọn. Ti ìjọba àpapọ̀ sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí ìlànà iṣẹ́ ọba ti ọdún 2008 ṣì ń ṣiṣẹ́, ó fún àwọn tó wà ní ìpele 07 sókè ní ọjọ́ 30, ìpele 04 sí 06 ní ọjọ́ 21, àwọn tó kù ní ọjọ́ 14.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń bá ènìyàn tajà ní Dùgbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtura ní Ring Road, tàbí àwọn awakọ̀ tó ń bá ènìyàn wakọ̀ ní Challenge, ló mọ̀ pé òfin fún àwọn ní ọjọ́ kankan? Bí a bá sọ fún irú wọn pé "ẹ lọ nígbà tó bá wù yín," ọ̀gá nìkan ni yóò mọ ìgbà tó wù ú. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ àti ìsọ̀ ọjà kò ṣeé fi sílẹ̀ láìsí ènìyàn. Bí ẹnì kan bá lọ láìsí ètò, ọrùn ẹlòmíràn ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò já lé.

Àwọn baba wa mọ ìdí tí wọ́n fi ń fi òṣùwọ̀n sí nǹkan. Ìwọ̀fà pàápàá mọ iye iṣẹ́ tí òun yóò ṣe fún olówó. Àkókò tó kù, tirẹ̀ ni. Iye tí a kà ni ẹni tí kò lágbára lè dì mú. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá fi ìsinmi aláìnígbèdéke lọ̀, kó má tètè kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kó bèèrè ìbéèrè mẹ́ta: Ọjọ́ mélòó ni ó kéré jù tí mo gbọ́dọ̀ lọ? Ọjọ́ mélòó ni ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ lọ́dún tó kọjá? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó mi bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀? Kó rí i pé ìdáhùn wọn wà nínú ìwé àdéhùn. Ẹni tí kò sì tíì gba ọjọ́ 6 tí òfin fún un rí, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a dá kì í pẹ́, ìgbà a dá kì í jìnnà. Ọjọ́ tí a kò dá ńkọ́? Ìgbà wo ni ìyẹn yóò pé?