Ìfẹ́ àti Ìfara-ẹni-jìn nínú Àwòrán Ìtàn Ìwásẹ̀: Iphigenia àti Olúorogbo

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òwe yìí jẹ́ kí a mọ bí ẹbọ òbí tí ó yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ nítorí ìlú ṣe wúwo tó. Iṣẹ́ yìí yẹ ohun tí oníṣẹ́ ọnà máa ń fi hàn nínú irú ẹbọ bẹ́ẹ̀ wò, àti ohun tí ó máa ń fi sílẹ̀.

Iphigenia lọ́wọ́ Tiepolo
Nínú ìtàn ìwásẹ̀ àwọn Gíríìkì, Agamemnon ṣẹ òrìṣà Artemis, afẹ́fẹ́ tí ì bá gbé ọkọ̀ ogun rẹ̀ dé Troy kò sì fẹ́. Wọ́n ní àfi kí ó fi Iphigenia, ọmọ rẹ̀, rúbọ. Àwọn ayàwòrán sáà Baroque fẹ́ràn irú ìtàn báyìí, nítorí pé àkókò tí ọkàn gbọgbẹ́ jù lọ ni wọ́n máa ń yà. Giovanni Battista Tiepolo, tí ó jogún ọ̀nà wọn, ya á sára ògiri Villa Valmarana nítòsí Vicenza, ní Ítálì, ní ọdún 1757. Àgbọ̀nrín tí Artemis fi pààrọ̀ ọmọ náà ń bọ̀ láti òkè. Agamemnon sì fi aṣọ bojú. Timanthes, ayàwòrán Gíríìkì àtijọ́, ti lo ọgbọ́n yìí ṣáájú rẹ̀. Ojú tí a bò ń sọ ìrora tí ojú tí a yà kò lè sọ.

Olúorogbo àti Ayélála
Mọ́remí jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn, ó jẹ́ kí àwọn Ìgbò mú òun lẹ́rú, ó sì rí àṣírí wọn: ènìyàn tí ó wọ ìko ni wọ́n, wọn kì í ṣe iwin. Iná ni Ifẹ̀ fi ṣẹ́gun wọn. Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni odò gbà. Kò sí àgbọ̀nrín tí ó rọ́pò rẹ̀. Ère Mọ́remí tí wọ́n ṣí ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 2016, tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42, gbé iná sókè. Ìṣẹ́gun ni ó fi hàn. Olúorogbo kò sí níbẹ̀.

Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìtàn Ayélála nílẹ̀ Ìlàjẹ sọ pé ẹrúbìnrin ni wọ́n fi rúbọ kí ìjà tí ó ti ọ̀dọ̀ gbígba ìyàwó oníyàwó dìde lè parí. A mọ orúkọ òrìṣà tí ó dà. A kì í sábà béèrè orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Àgbálọgbábọ̀
Olùkọ́ tí ó bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ya Mọ́remí kò gbọdọ̀ dúró lórí iná ọwọ́ rẹ̀. Kí ó bi wọ́n pé: ọrùn ta ni ẹbọ yìí já lé, ibo ni ẹni náà sì wà nínú àwòrán? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ya Olúorogbo sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ti mọ ohun tí a fi gba Ifẹ̀ là.