Onílé Ọjọ́ Márùn-ún: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹbí Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Háyà Ilé Ìsinmi ní Kútọ̀nù

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé ìdílé kan ń gbèrò láti lọ lo ìsinmi ní ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n sì ti pinnu pé ilé ni àwọn yóò háyà, kì í ṣe yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Ìpinnu tó mọ́gbọ́n dání ni. Ìdílé tó ní ọmọ mẹ́ta àti ìyá àgbà kan kò lè gba yàrá mẹ́ta ní òtẹ́ẹ̀lì láìjẹ́ pé owó tabua bá a lọ. Nínú ilé àyágbé, ilé ìdáná wà níbẹ̀. A lè po ẹ̀kọ fún ọmọ kékeré ní òru, ìyá àgbà sì lè gbé àga rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó máa gba atẹ́gùn.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. Ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹnìkan wà lójúfò nítorí yín. Bí iná bá lọ, àwọn ni yóò tan jẹnẹrétọ̀. Bí omi kò bá yọ, ẹ ó pè wọ́n. Ilé àyágbé kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ti bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ ti di onílé nìyẹn, ìbáà ṣe fún ọjọ́ márùn-ún péré. Ohun tí onílé ibẹ̀ mọ̀ nípa iná, omi, gáàsì, pàǹtí àti àdúgbò, ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Èyí tí ẹ kò bá béèrè kí ẹ tó sanwó, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé àárín òru ni ẹ ó máa wá ìdáhùn rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Òun ni ilẹ̀ òkèèrè tó súnmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa jù lọ. Ìrìn nǹkan bíi 120 kìlómítà ni Èkó sí Kútọ̀nù. Ibẹ̀ náà ni mo ti ṣètò ilé fún ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ìwé ìrìnnà ni àkọ́kọ́

Láti inú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní ọdún 1979 ni a ti rí ẹ̀tọ́ láti wọ ilẹ̀ ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹ lọ lọ́wọ́ òfo. Ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tán pọn dandan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ ọwọ́. Bákan náà ni káàdì ìyẹ̀lò tó ń jẹ́rìí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà, ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìnàjò, nítorí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ni káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Bí òbí kan ṣoṣo bá ń mú àwọn ọmọ lọ, ó dára kí ó mú lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí kejì dání, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ. Ẹnubodè Sẹ̀mẹ́ kì í ṣe ibi tí a ti ń ṣàlàyé ìdílé ẹni láìní ìwé lọ́wọ́.

Èdè tí wọ́n fi ń polówó ilé

Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìpolówó àti ìwé àdéhùn ilé ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ kò nílò láti mọ Faransé kí ẹ tó háyà ilé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà tí owó so mọ́. “Appartement meublé” ni ilé tí ibùsùn, àga àti ohun èlò ìdáná ti wà nínú rẹ̀. “Deux chambres salon” túmọ̀ sí yàrá méjì pẹ̀lú pálọ̀. Bí wọ́n bá kọ “climatisé”, ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ “ventilé”, fáànù lásán ni. “Forage” ni kànga ẹ̀rọ, “groupe électrogène” ni jẹnẹrétọ̀, “gardien” sì ni mẹ́gáàdì.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó kù ni kí ẹ há sórí. “Charges comprises” túmọ̀ sí pé owó iná àti omi ti wà nínú owó ilé. “Caution” ni owó tí ẹ ó fi sílẹ̀ nítorí àtibàjẹ́ nǹkan, tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá padà bí ohun gbogbo bá wà bó ṣe wà. “État des lieux” ni àkọsílẹ̀ ipò tí ilé wà lọ́jọ́ tí ẹ wọlé àti lọ́jọ́ tí ẹ jáde. Owó “caution” yín wà lọ́wọ́ àkọsílẹ̀ yìí. N ó padà sórí rẹ̀.

Owó ilé kì í ṣe owó òru nìkan

Sẹ́fà ni wọ́n ń ná. Owó yìí ní iye kan pàtó sí owó ilẹ̀ Yúróòpù: yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà. Èyí ni kò jẹ́ kí ó máa lọ sókè sódò bíi náírà wa, nítorí náà náírà yín ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí ẹ bá ń sanwó díẹ̀díẹ̀, ìgbà tí ẹ bá ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà ni yóò sọ iye tí ilé náà jẹ́ fún yín gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan fún àpẹẹrẹ. Ká ní òru kan jẹ́ 30,000 sẹ́fà, òru márùn-ún jẹ́ 150,000. Ká ní owó ìtọ́jú ilé jẹ́ 10,000, “caution” sì jẹ́ 50,000. Ẹ ó gbé 210,000 kalẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 160,000 ni ẹ máa ná tán. Ẹni tó bá mú kìkì owó òru dání yóò fi owó oúnjẹ àwọn ọmọ dí i.

Ẹ má ṣe fi gbogbo owó ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ kò rí, sí ilé tí ẹ kò rí. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ ní kí n san gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé àwọn ẹlòmíràn ti ń du ilé náà. Mo ní kí ó tan kámẹ́rà fóònù rẹ̀, kí ó rìn láti ẹnu géètì dé ilé ìdáná kí n fi ojú ara mi rí i. Kò gbé ìpè mi mọ́ láti ìgbà náà. Onílé tí a padà háyà ilé rẹ̀ kò janpata rárá: ó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ lójú mi, ó tan iná, ó sì fi ojú ọ̀nà hàn mí. Apá kan owó ni a fi ránṣẹ́, a san ìyókù lẹ́nu ọ̀nà, a sì gba rìsíìtì.

Iná, omi àti gáàsì

Agbára iná wọn kò yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn yàtọ̀. Ihò róbótó méjì bíi ti ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ń lò, ẹsẹ̀ mẹ́ta pẹlẹbẹ tí a ń lò nílé kò sì lè wọ̀ ọ́. Ẹ ra ádápítọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó kúrò nílé, pàápàá bí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìtọ́jú ara bá wà láàrin yín. Ìyá mi ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ádápítọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dì sínú àpò.

Ní ọ̀pọ̀ ilé àyágbé ní Kútọ̀nù, àlejò ni ó ń ra iná tí ó bá lò. Ẹ béèrè bóyá mítà tí a ń fi owó sí ni ó wà níbẹ̀, ẹni tí yóò kọ́ yín bí a ṣe ń tẹ nọ́ńbà sí i, àti iye iná tó kù nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ wọlé. Ẹ ya àwòrán ojú mítà náà. Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú lè jẹ owó ọjọ́ mẹ́ta ní òru kan.

Omi ẹ̀rọ wà fún ìwẹ̀ àti fífọ nǹkan, ṣùgbọ́n omi inú ike ni kí ẹ máa mu, kí ẹ sì fi po oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Ní ti gáàsì, ẹ gbé sílíńdà náà wò, kí ẹ sì mọ ibi tí a ti ń tì í pa. Ẹ wo ojú fèrèsé bóyá nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ mú tiyín lọ. Ẹ má ṣe di ẹrù yín sínú ọ̀rá láílọ́ọ̀nù, nítorí òfin ọdún 2017 ti ka irú ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Àpò aṣọ tàbí agbọ̀n ni kí ẹ mú lọ sọ́jà.

Àdúgbò àti fóònù

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ń ríran. Àdírẹ́sì lásán kò lè gbé yín dé ilé ní Kútọ̀nù. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tó kún fún yanrìn, tí wọ́n ń pè ní “von”, pọ̀ níbẹ̀, ilé ìtajà oògùn tàbí ilé ìjọsìn ni wọ́n sì sábà máa ń fi júwe ọ̀nà. Ẹ ní kí onílé fi àmì ibi tí ilé wà ránṣẹ́ sórí fóònù yín, kí ẹ sì mọ orúkọ àdúgbò: Fidjrossè súnmọ́ etí òkun, Cadjèhoun súnmọ́ pápákọ̀ òfurufú, Akpakpa sì wà ní òdìkejì ọ̀sà, lápá ibi tí a ti ń bọ̀ láti Nàìjíríà. Ní àkókò òjò, ẹ béèrè bóyá omi kì í dí ọ̀nà ilé náà.

Láti ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù Bẹ̀nẹ̀ ti kúrò ní ẹyọ mẹ́jọ, ó ti di mẹ́wàá. Bí nọ́ńbà onílé bá jẹ́ ẹyọ mẹ́jọ nínú ìpolówó àtijọ́, ẹ fi 01 ṣáájú rẹ̀ lẹ́yìn 229. Ẹ kọ nọ́ńbà onílé àti ti mẹ́gáàdì sórí pépà pẹ̀lú, torí bátìrì fóònù lè kú.

Ẹ kí mẹ́gáàdì dáadáa. Òun ni ó mọ ẹni tó ń kó pàǹtí, ọlọ́kadà tó ṣeé fọkàn tán, àti ibi tí a ti ń ra búrẹ́dì ní ìdájí. Bí Faransé bá le fún yín, ẹ gbìyànjú Yorùbá. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbọ́ ọ ní Kútọ̀nù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ìyá mi rí obìnrin alátà kan láti Kétu lọ́jọ́ kejì tí a débẹ̀, láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó tún yàn án jẹ lọ́jà.

Òkun kì í ṣe odò ìlúwẹ̀ẹ́

Ọ̀pọ̀ ìpolówó ilé ní Fidjrossè àti ní Ouidah ni ó ń fi òkun ṣe ẹwà. Ẹwà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbì òkun etí ilẹ̀ wa yìí lágbára, omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ a sì máa fa ènìyàn lọ sí ojú agbami. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ pàápàá, kí ó ṣọ́ra. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí ẹ tó kúrò nílé pé etí omi ni eré mọ, kí àgbà kan tí kò di fóònù mú sì máa ṣọ́ wọn. Bí ilé bá ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ẹ béèrè bóyá ọgbà yí i ká. Ẹni tó bá sì ń lọ sí Ouidah ní àyíká ọjọ́ 10 oṣù kìn-ín-ní, nígbà ọdún Vodun, kí ó tètè wá ilé. Èrò máa ń pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ tí ẹ ó dá kọ́kọ́rọ́ padà

Ní wákàtí tí a wọlé, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù, ó sì ya fídíò yàrá kọ̀ọ̀kan: ògiri, ibùsùn, àwo, ẹ̀rọ omi, gíláàsì orí tábìlì. Ó fi fídíò náà ránṣẹ́ sí onílé lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan nínú wa rò pé àṣejù ni. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ, ẹni tó wá gba kọ́kọ́rọ́ nawọ́ sí ibi tí tábìlì gíláàsì náà ti sán, ó ní “caution” kò lè padà bọ́ sí wa lọ́wọ́. Kò sí ariwo, kò sí ìjà. Ìyàwó wa ṣí fídíò ọjọ́ kìíní, ìlà sísán náà sì hàn kedere níbẹ̀. A gba owó wa pé, àwa àti onílé sì túká pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ fọ àwo, ẹ kó pàǹtí jáde, ẹ tún mítà wò, ẹ rìn yí ilé ká pẹ̀lú ẹni tó ń gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì gba “caution” yín kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ìdá wákàtí kan ni gbogbo rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ owó ọkọ̀ gbogbo ìdílé padà sílé.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí ẹ lọ ire, kí ẹ sì bọ̀ ire.