Ará Ìlú àti Ọmọ Ìlú: Àríyànjiyàn Ìgbìmọ̀ Ìlú New York

Nínú èdè wa, ará ìlú lè máà jẹ́ ọmọ ìlú. Ẹni tí ó ń gbé inú ìlú ni ará. Ẹni tí ìlú gbà pé òun ni ó ni í ni ọmọ. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ìjọba lè sọ ará di ọmọ. Ìyàtọ̀ yìí ni Ìgbìmọ̀ Ìlú New York gbé yẹ̀ wò ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, ọdún 2021.

Àbá òfin kan wà níwájú wọn pé kí àjèjì tí ó ní ìwé ìgbélùú tàbí ìwé àṣẹ iṣẹ́, tí ó sì ti lo 30 ọjọ́ nínú ìlú, lè dìbò yan àwọn aláṣẹ ìlú. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn lé ní 800,000. Àwọn alátìlẹ́yìn ní ẹni tí ó ń san owó orí yẹ kí ó ní ohùn. Lára àwọn alátakò ní 30 ọjọ́ kéré jù. Ènìyàn 33 fara mọ́ ọn. 14 kọ̀ ọ́.

Òfin náà kò dé ibi ìdìbò. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà fún ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ ìbò. Ǹjẹ́ èyí ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn? Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, adájọ́ mẹ́fà nínú méje ní ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìdájọ́ yìí kò lé ẹnikẹ́ni kúrò nílé. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti ń ka ènìyàn mọ́ ará nígbà ìdáwó, tí a sì ń kà á mọ́ àlejò nígbà ìmọ̀ràn, àríyànjiyàn kò tíì parí.