Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Ẹ̀yáwó Ilé Fún Ẹni Tí Owó Ọwọ́ Rẹ̀ Kò Pọ̀

Ní Atosin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, owó kókó ló ń kọ́lé. Bó bá wọlé, a ra búlọ́ọ̀kù. Bó bá tán, ògiri á dúró láìní òrùlé títí di ọdún mìíràn. Ẹni bá wá dárúkọ ẹ̀yáwó ilé, ìtàn lóríṣiríṣi ni yóò gbọ́. A kò lè bá àwọn tó gba ìtàn náà gbọ́ wí, nítorí ta ló jókòó ṣàlàyé fún wọn rí?

"Òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ló wà fún."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òfin 1992 tó dá National Housing Fund (NHF), àpò ìdáwó ilé, sílẹ̀ gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ náà láàyè: àgbẹ̀, télọ̀, oníṣòwò. Ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lóṣù ni yóò máa dá, ó kéré tán fún oṣù 6, kó tó béèrè ẹ̀yáwó. Ohun tí báńkì fẹ́ rí ni ẹ̀rí pé owó ń wọlé. Àgbẹ̀ tó ń kó owó kókó sábẹ́ ìrọ̀rí kò ní ẹ̀rí kankan; èyí tó ń gbà á sí àkáǹtì ní.

"Bí o kò bá ní ìdajì owó ilé lọ́wọ́, má wulẹ̀ dé ọ̀hún."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé, nínú ìlànà tí Federal Mortgage Bank gbé jáde, ẹ̀yáwó NHF tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ kò ní owó àsansílẹ̀ rárá. Èyí tó ju mílíọ̀nù 5 lọ títí dé 15, ìdá 10 ni. Bí ilé bá jẹ́ mílíọ̀nù 8, náírà 800,000 ni wàá kọ́kọ́ mú wá. Olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tí òun àti agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ti jọ ń dá owó pẹ́ńṣàn fún ọdún 5 tún ní ọ̀nà mìíràn: láti 2022, PenCom, àjọ tó ń bójú tó owó pẹ́ńṣàn, ti gbà pé ó lè fi tó ìdá 25 nínú owó náà ṣe àsansílẹ̀ ilé.

"Èyí tí owó oṣooṣù rẹ̀ kéré jù ló dára jù."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọdún tó gùn ló ń sọ owó oṣooṣù di kékeré, ọdún gígùn náà ló sì ń bọ́ èlé. Mú mílíọ̀nù 5 ní èlé NHF, ìdá 6 lọ́dún. Bí o bá fi ọdún 30 san án, nǹkan bí 30,000 ni lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ á sì tó mílíọ̀nù 10.8. Bó bá jẹ́ ọdún 15, nǹkan bí 42,200 ni lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 7.6 lọ. Ní báńkì tó bá ń gba èlé ìdá 25, owó kan náà fún ọdún 15 á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 107,000 lóṣù, mílíọ̀nù 19 lápapọ̀. Nítorí náà, béèrè iye èlé, iye ọdún àti àpapọ̀ owó kí o tó fọwọ́ síwèé.

"Owó NHF tí wọ́n ń yọ, ó ti lọ nìyẹn."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá yáwó ní ẹ̀tọ́ láti gba owó rẹ̀ padà nígbà tó bá fẹ̀yìn tì tàbí tó pé ọmọ 60 ọdún, pẹ̀lú èlé díẹ̀ lórí rẹ̀. Tọ́jú ìwé ìdáwó rẹ. Òun ni wàá fi gbà á.

"Ilẹ̀ bàbá mi ni, ìwé kí ni wọ́n tún ń wá?"

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ilé fúnra rẹ̀ ni ohun ìdógò ẹ̀yáwó, báńkì kò sì ní gba ilé tí ìwé rẹ̀ kò dúró. Láti 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti dé, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Kí a tó fi ilẹ̀ tó ní C of O (ìwé ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀) ṣe ìdógò owó, a gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Rìsíìtì ẹbí àti ẹ̀rí àwọn àgbà níyì láàárín ilé, ṣùgbọ́n wọn kò tó lọ́dọ̀ báńkì. Ẹni tó fẹ́ yáwó kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí ní Atosin, kó kọ́kọ́ pe awọnlẹ̀, kó sì gba ọ́fíìsì ilẹ̀ lọ ní Àkúrẹ́. Owó ìdáwó oṣù 6 ṣe é kó jọ. Ìwé ilẹ̀ lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun sì ni kí a tètè bẹ̀rẹ̀.