Nígbà tí Oyún Bá Wálẹ̀: Ohun tó Yẹ kí Aláìsàn àti Òṣìṣẹ́ Ìlera Mọ̀

Ní Anyama, ìlú oníṣòwò obì tó wà ní àríwá Abidjan, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé ní ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ará Côte d'Ivoire ń pè ní Anago ń sọ nínú ilé, púpọ̀ nínú wọn ló sì ṣẹ̀ wá láti Èjìgbò. Bí oyún bá wálẹ̀ lára obìnrin kan nínú wọn, ó lè rí “avortement spontané” lórí ìwé tí wọ́n fún un. Ẹni tó bá a ka ìwé náà lè mú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan, kí ó sì sọ pé ńṣe ni obìnrin náà ṣẹ́yún. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé oyún bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Òun náà ni àwọn ènìyàn ń pè ní “fausse couche”. Àṣìtumọ̀ yìí lè da ilé rú, ó sì lè mú kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kí ni oyún tó wálẹ̀?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oyún tó bá bàjẹ́ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 28 sí oyún tó wálẹ̀. Bí ọmọ bá kú sínú ní ọ̀sẹ̀ 28 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, òkú ọmọ ni a bí. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ń lo ọ̀sẹ̀ 20 tàbí 24. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù ń ṣẹlẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó kọ̀wé sínú The Lancet ní ọdún 2021 ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí oyún mílíọ̀nù 23 ló ń wálẹ̀ lọ́dọọdún ní àgbáyé, ìyẹn nǹkan bí 15 nínú 100 oyún tí a mọ̀.

Kí ló ń fà á?

Nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kúrómósómù, ìyẹn àwọn okùn tíntìntín tó ń gbé àbùdá ẹ̀dá, ni kò pé tàbí tó lé. Ìyá kọ́ ló fà á, kò sì sí oògùn tó lè dá a dúró. Bí ọjọ́ orí ìyá ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu yìí ń pọ̀. Ibà, àrùn sífílíìsì, àtọ̀gbẹ tí a kò tọ́jú, ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá àti ọtí náà lè fà á.

Iṣẹ́ ilé ojoojúmọ́, ìbálòpọ̀, àríyànjiyàn, àlá búburú, tàbí oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí tí obìnrin ti lò rí kì í mú oyún wálẹ̀. Kò sì yẹ kí a nawọ́ sí ìyá ọkọ tàbí orogún pé àwọn ló jẹ oyún náà.

Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ bá rí èyí

• Ẹ̀jẹ̀ tó kún páàdì méjì láàárín wákàtí kan, tó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì.
• Ibà, òtútù, tàbí ohun olóòórùn tó ń jáde lójú ara.
• Inú rírun tó le, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí ìrora ní èjìká. Ó lè jẹ́ pé ìta ilé ọmọ ni oyún wà, èyí sì lè pa ènìyàn.
• Òòyì tàbí dídákú.

Ìtọ́jú àti ìmúláradá

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kí a dúró kí ilé ọmọ fọ ara rẹ̀ mọ́, kí a lo oògùn misoprostol, tàbí kí dókítà tàbí agbẹ̀bí fi ẹ̀rọ fa ohun tó kù jáde. Ẹ béèrè èyí tó bá ipò yín mu. Bí irú ẹ̀jẹ̀ yín bá ní àmì ìyọkúrò, irú bí O−, ẹ béèrè bóyá ẹ nílò abẹ́rẹ́ anti-D.

Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nǹkan oṣù sábà máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ẹ má ṣe ki àgbo, ewé tàbí ohunkóhun sójú ara, kí ẹ sì dúró kí ẹ̀jẹ̀ dá kí ẹ tó ní ìbálòpọ̀. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́, kí ẹ̀jẹ̀ lè padà sára. Bí oyún náà ti dàgbà díẹ̀, wàrà lè yọ lọ́yàn. Kò léwu, ṣùgbọ́n ó máa ń dun ìyá lọ́kàn. Ó yẹ kí a ti sọ fún un ṣáájú.

Ọkàn náà ní egbò

“Omi ló dànù, agbè kò fọ́” ni a fi ń tu ìyá nínú. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n omi tó dànù yẹn ti ní orúkọ lọ́kàn ìyá àti bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sunkún kí a tó sọ̀rọ̀ agbè. Bàbá náà ń ṣọ̀fọ̀, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde. Bí oorun, oúnjẹ tàbí ìfẹ́ láti wà láàyè bá kúrò lára ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí wọ́n wá ìrànlọ́wọ́ láìjáfara.

Oyún mìíràn

Obìnrin lè tún lóyún kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ní ọdún 2005, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí a dúró fún oṣù mẹ́fà. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé kì í ṣe gbogbo obìnrin ló nílò kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bá òṣìṣẹ́ ìlera jíròrò. Nínú oyún tuntun, ẹ sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì olóògùn, kí ẹ sì lo oògùn ìdènà ibà tí wọ́n bá fún yín láti oṣù kẹrin, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí oyún bá ti wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera

Ẹ má ṣe fi obìnrin yìí sí àárín àwọn tó ń fún ọmọ tuntun lọ́yàn. Ẹ má ṣe fi ọmọ rẹ̀ ṣe ògbufọ̀. Kí ó tó kúrò níwájú yín, ẹ ka ìwé rẹ̀ fún un, kí ẹ sì sọ ọ́ ní èdè tó gbọ́, lójú ọkọ rẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́: “Oyún ló wálẹ̀. Ìwọ kọ́ lo ṣe é.”