Ìbọn Kejì

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, bí a ti ń yẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wò lọ́wọ́, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wa dún. Àbúrò wa kan, ọmọ àbúrò bàbá wa, tí ó ti lò ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ní Amẹ́ríkà, ni ó fi àwòrán ìbọn méjì ránṣẹ́. Èkíní ti gbó, ọwọ́ ènìyàn ti sọ igi ìdí rẹ̀ di dídán. Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ jáde ni, irin rẹ̀ ń kọ mànà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ó kọ sí abẹ́ wọn: « Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ra èkejì yìí mọ́ ọn? »

Ẹni tí kò bá ti agbo ilé ọdẹ jáde lè rẹ́rìn-ín. Kí ni ó kan olùkọ́ ìtàn kan ní Kétu nínú ìbọn tí ẹnìkan fẹ́ rà ní Ohio? Ṣùgbọ́n ní agbo ilé tiwa, ènìyàn kì í dá ra ìbọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á yóò sọ fún àgbà, kí àgbà lè mọ iye tí ó wà nínú ilé, ẹni tí ó ni ín, àti ibi tí ó ń fi í sí. Àbúrò wa rántí àṣà yìí ní òdìkejì òkun, inú wa sì dùn sí i. A kò fẹ́ fi ẹnu lásán dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ irú ìbọn tí ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Àwọn tí ń sọ èdè Faransé ń pè é ní carabine à levier. Ọwọ́ irin kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí ó yí ibi tí ìka ń fà ká. Bí ọdẹ bá yìn ín tán, yóò ti ọwọ́ irin náà sí ìsàlẹ̀, yóò sì fà á padà sókè: agolo idẹ tí ó ti jó yóò fò jáde, ọta tuntun yóò sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, àwọn ọta náà máa ń tò tẹ̀lé ara wọn, imú èyí sí ìdí ìyẹn, nínú ọ̀pá kan tí ó wà lábẹ́ ẹnu ìbọn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí orí ọta wọn fi máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí orí irin líle bá mú ṣóńṣó, ó lè gún ìdí ọta tí ó wà níwájú rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì bú gbàù mọ́ ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́.

Ìbọn náà kì í ṣe ti àná. Ìbọn Henry ti ọdún 1860 ni ó jẹ́ kí òkìkí rẹ̀ kàn. Àwọn Winchester ti 1866 àti 1873 tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni John Browning wá ṣe àgbékalẹ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní 1894. Ó lé ní mílíọ̀nù méje irú rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe.

Olùkọ́ ìtàn kò lè dé ibí yìí kí ó má yà bàrá díẹ̀. Winchester ti dé agbègbè wa láti ìgbà pípẹ́. Ó wà lára àwọn ìbọn ìgbàlódé tí àwọn oníṣòwò Jámánì tà fún ààfin Àgbómẹ̀ ní etíkun Ouidah, tí àwọn ọmọ ogun Béhanzin sì gbé kojú Dodds ní 1892. Ọdún mẹ́fà ṣáájú ìyẹn, ní 1886, ni ogun Dahomey fọ́ Kétu, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú. Bí ọ̀dọ́ kan bá fi àwòrán irú ìbọn bẹ́ẹ̀ han àgbà kan, tí àgbà náà kò sì rẹ́rìn-ín, kí ó má ṣe rò pé àgbà náà kò mọ ohun tó dára.

Ìbọn àkọ́kọ́ àbúrò wa kò ti ọjà wá. Nígbà tí ó ń gbé ní Pennsylvania, bàbá arúgbó kan tí ilé wọn kangun sí ara wọn ni ó mú un lọ sí igbó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìpínlẹ̀ náà, òfin kò gba ìbọn tí ó ń kó ọta sínú fúnra rẹ̀ láyè fún ẹran ńlá, nítorí náà ìbọn ọlọ́wọ́ irin pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ibẹ̀. Winchester 1894 ni bàbá náà ní, èyí tí ń yin ọta tí wọ́n ń pè ní .30-30. Ó kọ́ àbúrò wa bí a ti ń dúró lábẹ́ igi láìmira nínú òtútù, bí a ti ń wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí òfin là sílẹ̀ kí ọdẹ mìíràn má baà ṣe èèṣì yìn wá. Èyí pa Bàbá Ọdẹ ilé wa lẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀: ọdẹ tí ó wọ aṣọ tí ń tàn bí iná! Nígbà tí àìsàn dá bàbá arúgbó náà wó, ó fi ìbọn náà lé àbúrò wa lọ́wọ́. Ní ọdún kejì, ó papòdà.

Ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ gbé àbúrò wa lọ sí Ohio. Ilẹ̀ oko pẹrẹsẹ ni púpọ̀ nínú ìpínlẹ̀ náà, ilé sì wà káàkiri àárín oko. Ọta tí ó bá ń lọ jìnnà lè dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn. Títí di ọdún 2014, ìbọn gbọọrọ oníta kan báyìí kò sí lára ohun tí ọdẹ lè gbé lọ pa àgbọ̀nrín nígbà ọdẹ ìbọn níbẹ̀. Ní ọdún náà ni wọ́n ṣí ọ̀nà fún àwọn ọta tí ara agolo wọn gún gbọọrọ láti ìdí dé ẹnu. Àwọn tí agolo wọn lọ́rùn bí ìgò ṣì wà ní ìta. Ọta .30-30 sì lọ́rùn. Báyìí ni ìbọn olóògbé náà ṣe di ohun tí kò lè yìn fún àgbọ̀nrín ní ibùgbé rẹ̀ tuntun.

A jẹ́wọ́ pé a kò kọ́kọ́ fetí sí èyí dáadáa. Bí a ti rí àwòrán náà, ohun tí ó wá sọ́kàn wa ni pé ọmọkùnrin yìí ti di ará Amẹ́ríkà, tí ń kó ìbọn jọ bí obìnrin ti ń kó aṣọ òkè. Ìdájọ́ olùkọ́ ni, a máa ń yá. Lẹ́yìn tí ó ti ṣàlàyé òfin náà ni a tó mọ̀ pé àìní wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n àìní jẹ́ ọ̀kan, ìbọn tí ojú rẹ̀ ti wọ̀ jẹ́ òmíràn. Èyí tí ó wù ú ni Marlin 1895, tí ń yin ọta .45-70. Ọta yìí ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà wọlé ní ọdún 1873. Ó tóbi bí ìka ọwọ́, ó sì lágbára tó láti dá ẹfọ̀n ilẹ̀ wọn dúró. Ó máa ń ta èjìká ẹni tí ó bá yìn ín bí ìpá ẹṣin. Tuntun rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lọ, èyí tí ó sún mọ́ 600.000 sẹ́fà tàbí kí ó kọjá bẹ́ẹ̀, ọta rẹ̀ sì wọ́n ju ti .30-30 lọ. A bi í léèrè ẹran tí ó ń pa lọ́dún. Ó ní ọ̀kan ni, bí Ọlọ́run bá ṣe é, méjì. A tún bi í léèrè bí àgbọ̀nrín onírù funfun náà ti máa ń jìnnà sí i tó. Ó ní kò ju nǹkan bí ọgọ́rin mítà lọ, nítorí igbó tóóró tí ó wà láàrin oko ni ó máa ń jókòó sí.

Ọgọ́rin mítà! Ọta .44 Magnum, tí ara rẹ̀ gún gbọọrọ tí òfin sì gbà, ti tó fún ìyẹn láìta ẹnikẹ́ni ní ìpá. Àní fusil calibre 12 tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ bí ẹní mowó, bí a bá fi òjé ńlá kan ṣoṣo sínú rẹ̀ dípò òjé wẹ́wẹ́, òfin ibẹ̀ gbà á. Nígbà tí a sọ èyí, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní: « Ẹ̀gbọ́n, ó kàn rẹwà ni. » Òtítọ́ ni ó sọ. A kò bínú sí i. Ó tún mú ọ̀nà kejì wá, pé òun lè ta ìbọn bàbá arúgbó náà láti fi ra tuntun, nítorí àwọn Winchester tí a ṣe ṣáájú ọdún 1964 ni àwọn ará ibẹ̀ ń wá jù lọ. Níbẹ̀ ni a ti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá agbára wa, ó di ọ̀dọ̀ àwọn àgbà.

Ní ọjọ́ Àìkú, a gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sí àárín àgbàlá. Bàbá Ọdẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí ṣakabùlà rẹ̀ kan ṣoṣo ti fara ti ògiri náà láti ìgbà tí a ti gbọ́njú. Ẹ̀tù àti òjé ni ó ń rọ sí i láti ẹnu, ìgbà kan ni ó sì ń dún. Bí ó bá tàsé, ẹran ti lọ. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé náà dé òpin.

« Èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ, ṣé ó ti tàsé rí? »

« Ìbọn kò tàsé, Bàbá. Èmi ni mo tàsé. »

« Èkejì ńkọ́, ṣé yóò máa dá yìn láìsí ìwọ ni? »

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àbúrò wa ní ọta mẹ́ta péré ni òfin Ohio gbà kí ó wà nínú ìbọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Ọdẹ ní òfin náà gbọ́n, ṣùgbọ́n méjì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lórí títà ìbọn bàbá arúgbó náà, kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀: « A kì í ta ohun tí òkú fi lé ni lọ́wọ́ láti fi ra ohun tí ó rẹwà. Gbé e kalẹ̀. »

Ìyá wa kékeré, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ni ó béèrè ìbéèrè tí kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó rò ó. « Níbo ni ìbọn náà ń gbé nínú ilé? »

Àbúrò wa dákẹ́. « Lórí kọ́bọ́ọ̀dù, Mà. Lẹ́yìn àwọn àpótí aṣọ. »

« Àkọ́bí rẹ ńkọ́, ọdún mélòó ni? »

« Mẹ́sàn-án, Mà. »

« Ṣé kò tíì mọ bí a ti ń gun àga ni? »

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. A gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ sọ nǹkan kan ní ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ó ń sọ ọ́ nìyẹn. Àwa tí a fi ọjọ́ méje ka ìwé nípa ọta àti agolo, a kò béèrè èyí. Ojú tì wá.

Ìpinnu kò pẹ́ mọ́. Owó tí ó ti tù jọ yóò kọ́kọ́ ra àpótí irin tí ó ní kọ́kọ́rọ́, tí wọn yóò fi ìdè dè mọ́ ògiri. Ọta yóò wà ní ibòmíràn. Owó páànù tí ó ti ṣèlérí fún òrùlé Bàbá Ọdẹ yóò dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ìbọn bàbá arúgbó náà kò ní í kúrò nílé. Ní ti ìbọn kejì, kí ó lo ọdún kan pẹ̀lú èyí tí ó bá yá, kí ó mọ igbó tuntun náà ná.

Ó yá fusil calibre 12 lọ́wọ́ ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ̀. Kò pa nǹkan kan ní ọdún náà. Ó ní àgbọ̀nrín kan kọjá ní ogójì mítà, òun kò yìn ín, nítorí òrùlé ilé oko kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi owó gba ìwé àṣẹ àlejò, ó sì padà sí Pennsylvania fún ọjọ́ méjì, òun àti ọmọ bàbá arúgbó náà, pẹ̀lú Winchester náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó ra ìbọn kejì: ọlọ́wọ́ irin ni, ọta .44 Magnum, tí ẹnìkan ti lò rí, tí igi rẹ̀ ti ha díẹ̀. Ẹwà rẹ̀ kò tó ti àwòrán àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ pé a ní kí ẹ lọ ra ìbọn. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, kò sí ìbọn láìsí ìwé àṣẹ ìjọba, a kò sì ní í bá yín jiyàn lórí ìyẹn.

Oṣù tó kọjá, ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ láti fi han Bàbá Ọdẹ: àpótí irin tí ó ṣí sílẹ̀, ìbọn méjì dúró nínú rẹ̀, arúgbó àti ìkejì rẹ̀. Bàbá gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ ojú rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

« Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? »

« Ìyàwó mi ni, Bàbá. »

Bàbá Ọdẹ dá ẹ̀rọ náà padà fún wa, ó sì lọ wo ẹ̀tù tí ó sá sí oòrùn.