Ṣé o mọ̀ pé físíò náà ní láísẹ́ǹsì?

Ṣé o mọ̀ pé ogun ló gbé físíò (physiotherapy) wọ Nàìjíríà? 1945 ni. Àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì kún Igbóbì, ni wọ́n bá mú oníṣẹ́ físíò wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti tọ́jú wọn. Mélòó? Méjì péré!

Ibùdó àwọn sójà ọjọ́un ló di ilé ìwòsàn eegun tí gbogbo Èkó mọ̀ lónìí.

Sún mọ́ mi. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti wá ńkọ́? London, 1894: nọ́ọ̀sì obìnrin 4 kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń fọwọ́ wọ́ra sílẹ̀, torí ayédèrú ti ń fi iṣẹ́ náà bojú nígboro. Ẹgbẹ́ yẹn ló di ẹgbẹ́ àwọn físíò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Tiwa ńkọ́? Àwọn físíò Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1959. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní 1966. Òfin tó dá ìgbìmọ̀ tó ń fún wọn ní láísẹ́ǹsì sílẹ̀, ìyẹn MRTB, 1988 ló jáde. Ṣírò ó wò: láti 1945 dé 1988, ọdún 43!

MRTB kan náà ló ń forúkọ àwọn tó ń yẹ etí wò sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ńkọ́? Àwọn náà!

Ó tún kù. Ọdún 5 ni wọ́n fi ń kàwé físíò. Àwọn yunifásítì kan ti sọ ọ́ di 6. Lẹ́yìn èyí, ó tún ku ọdún kan gbáko lábẹ́ àwọn àgbà iṣẹ́. Kó tó lè dá nìkan fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ, ó ti lo ọdún 6 tàbí 7!

Ọdọọdún sì ni wọ́n ń tún láísẹ́ǹsì náà gbà. Wo ọdún tó wà lára ẹ̀ dáadáa. Férémù lè máa dán lára ògiri, kí ọdún inú ẹ̀ ti kọjá.

Kílíníìkì fúnra ẹ̀ ń gbàwé. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, HEFAMAA ló ń forúkọ ilé ìwòsàn aládàáni sílẹ̀, kílíníìkì físíò sì wà lára wọn. Ìwé méjì nìyẹn: ti ẹni, ti ilé. Lójú tèmi, kó o béèrè méjèèjì kí wọ́n tó dárúkọ owó fún ẹ.

Ìwọ tó ń gbé Òkókómáíkò, gbọ́ o. Igbóbì nìkan kọ́ ni ọ̀nà! Wọ ọkọ̀ ní Ìyànà Ìbà, máa bá ọ̀nà LASU lọ tààrà, ó di Ìgandò. Ilé ìwòsàn ìjọba Alímòṣọ́ wà níbẹ̀. Ní Ọ̀jọ́ níbí náà, ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ojú omi wà. Béèrè físíò lọ́wọ́ wọn ná kó o tó máa gbé ẹ̀yìn dídùn kiri Èkó.

  

Ṣé ẹ̀yìn nìkan lo rò pé físíò ń tọ́jú? Rọpárọsẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tí ọrùn ẹ̀ ò dúró ńkọ́? Ẹsẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ìdí bà jẹ́? Ìyá ọlọ́mọ tí ìtọ̀ ń já mọ́ lára tó bá ti wúkọ́? Físíò ni gbogbo ẹ̀!

Wàyí o, èyí ló dùn mọ́ mi jù. Ojúlówó físíò máa ń wọn nǹkan. Á gbé àga kan sílẹ̀. Á ní kó o ká apá mọ́ àyà, kó o dìde, kó o jókòó, kó o tún dìde. Ìṣẹ́jú àáyá 30 ni, á sì máa kà á! Obìnrin ẹni ọdún 60 sí 64 tí kò bá lè dìde tó ìgbà 12, ó kéré. Ti ọkùnrin, 14.

Òmíràn tún wà. Á ní kí àgbàlagbà dìde lórí àga, kó rin mítà 3, kó yí padà, kó wá jókòó. Tó bá gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá 12, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dá físíò lójú mọ́: ó lè ṣubú. Mítà 3 lásán o!

Físíò tiẹ̀ ní rúlà tó ń wọn igun. Orúnkún ẹ ká dé ibo? Á kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀. Tó o bá padà wá, á tún wọ̀n ọ́n, ìwọ náà á sì fojú ara ẹ rí i bóyá ó ti kúrò níbi tó wà. Ẹni tó kàn ń fi òróró pa ẹ́ lẹ́yìn, tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, kí ló máa fi hàn ẹ́ pé ara ń yá?

Físíò tún ń wá sílé! Bàbá tí kò lè sọ̀kalẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìbà, físíò lè lọ bá wọn lókè. Àga pálọ̀ wọn náà tó fún un láti fi ka ìdìde wọn. Kó ṣáà mú láísẹ́ǹsì ọdún yìí dání o!